Ẹ Má Tún Ìwé Olóògbé Tò: Àṣìṣe Tó Ń Ba Àkójọ Ìwé Aṣáájú Jẹ́

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2006, nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n lu àkójọ lẹ́tà, ìwàásù àtàwọn ìwé míì tí Martin Luther King, aṣáájú tó jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, fi sílẹ̀ ní gbàǹjo ní New York, Shirley Franklin, tó jẹ́ mẹ́yọ̀ ìlú Atlanta nígbà náà, kó èèyàn jọ. Wọ́n fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 32 dọ́là rà á fún Morehouse College, níbi tí King ti gboyè ní 1948. Owó ti gba ìwé náà lọ́wọ́ gbàǹjo. Ọwọ́ tí kò mọṣẹ́ nìkan ló kù tó lè bà á jẹ́.

Èyí tó burú jù ni kéèyàn tú páálí kó wá máa to ìwé bó ṣe wù ú: lẹ́tà lọ́tọ̀, ìwàásù lọ́tọ̀. Bí onínǹkan ṣe to nǹkan rẹ̀, ẹ̀rí ni. Lẹ́tà tó wà láàárín ìwàásù lè jẹ́ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn lọ́jọ́ tó kọ ìwàásù yẹn. Tẹ́ ẹ bá ti fà á yọ, kò sẹ́ni tó tún lè mọ ibi tó wà. Kẹ́ ẹ tó gbé ohunkóhun, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà páálí àti orúkọ tó wà lára fáìlì sílẹ̀. Pẹ́ńsù ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́, kì í ṣe bíírò.

Ẹ má da àjákù pépà nù. Nígbà tí King wà lẹ́wọ̀n ní Birmingham ní oṣù Kẹrin 1963, etí ìwé ìròyìn ló ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà tó fi dá àwọn àlùfáà tó ta kò ó lóhùn. Ẹ má da àpò lẹ́tà nù náà: bí lẹ́tà ò bá ní déètì, òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ ló máa sọ ọ́.

Ásíìdì inú ìwé ìròyìn máa ń ran pépà tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣí fáìlì àtijọ́ wò, ẹ ó rí àpá aláwọ̀ ilẹ̀ onígun mẹ́rin níbi tí àgékù ìwé ìròyìn sùn sí. Pépà tí kò ní ásíìdì ni kẹ́ ẹ fi là wọ́n láàárín.

Ẹ má fa kílíìpù tó ti dógùn-ún yọ, torí ó ti lẹ̀ mọ́ pépà, á sì ya á. Ẹ ki ọ̀rá líle tín-ín-rín bọ abẹ́ rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, kẹ́ ẹ wá rọra gbé apá rẹ̀ kan sókè. Sẹ́lótéèpù àti lamination (kéèyàn fi ọ̀rá bo pépà pa), ẹ má dán an wò rárá. Ìbọ̀wọ́ òwú kì í jẹ́ kọ́wọ́ mọ etí pépà, ó sì máa ń ya á. Ọwọ́ tí ẹ fọ̀ tó sì gbẹ dára jù. Fọ́tò ni kẹ́ ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà fún.

Ẹ má máa pa ẹ̀rọ amúlétutù lópin ọ̀sẹ̀. Kí yàrá wà ní nǹkan bíi ìwọ̀n 18 sí 21 lórí Celsius, kí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ wà láàárín 35 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Kó má lọ sókè sódò ló ṣe pàtàkì jù.

Àṣìṣe tó máa ń dé kóòtù ni àdéhùn tí kò yéni. Ẹni tó ni pépà lè máà ni ọ̀rọ̀ orí rẹ̀: Morehouse ló ni ìwé King, àmọ́ ọwọ́ àwọn tó jogún King ni ẹ̀tọ́ àdàkọ (copyright) wà. Ẹ jẹ́ kí àdéhùn sọ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. King ti kó ìwé mìíràn fún Boston University ní 1964. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Coretta, ìyàwó rẹ̀, pe yunifásítì náà lẹ́jọ́ kó lè gba ìwé náà padà. Ilé ẹjọ́ gíga jù ní Massachusetts dá yunifásítì náà láre ní 1995, lẹ́tà tí King fọwọ́ sí ní oṣù Keje 1964 ló sì gbé wọn lẹ́yìn.