Bí a ṣe ń ti ara òkúta erékùṣù mọ orírun ẹranko rẹ̀

Ìjìnlẹ̀ òkun ni kí o kọ́kọ́ wò, kí o tó wo ẹranko kankan. Mú máàpù tó ń fi ìjìnlẹ̀ omi hàn, kí o wá àwọn erékùṣù mẹ́rin tó tò tẹ̀léra níwájú Kamẹrúùnù àti Gabon: Bioko (òun ni Fernando Pó tí àwọn àgbà mọ̀), Príncipe, São Tomé àti Annobón. Òkè ayọnáyèéfín ló bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Omi tó la Bioko àti Kamẹrúùnù láàárín kò jìn ju nǹkan bí 60 mítà lọ. Ní bí 20,000 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí yìnyín bo apá àríwá ayé, òkun fà tó 120 mítà. Ẹsẹ̀ ni ẹranko fi rìn dé Bioko nígbà náà. Abájọ tí ẹtu àti oríṣiríṣi ọ̀bọ fi wà níbẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti Kamẹrúùnù.

Àwọn mẹ́ta yòókù kò kan ilẹ̀ rí, nítorí omi ibẹ̀ jìn ju 1,000 mítà lọ. Kọ́kọ́ yọ ohun tí ènìyàn kó débẹ̀ kúrò (ọ̀bọ São Tomé wà lára wọn), kí o tó ṣírò ohunkóhun.

Ó wá kan ọjọ́ orí òkúta: Príncipe tó bí mílíọ̀nù 31 ọdún, São Tomé bí 15, Annobón bí 5. Ẹ̀yà tó pín sí méjì lórí São Tomé fúnra rẹ̀ kò lè ti pín kí erékùṣù náà tó yọ lókè omi. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á sọ ọjọ́ orí erékùṣù di ọjọ́ tí ẹranko dé. Ẹranko lè dé lánàá sórí òkúta àtijọ́. Bí DNA bá sì fi hàn pé ẹ̀yà kan ti yà kúrò lára ìbátan rẹ̀ ṣáájú kí erékùṣù tó wà, má pe DNA ní èké. Ìbátan tó sún mọ́ ọn jù lè ti kú run nílẹ̀ Áfíríkà. Wo ẹran aláwọ̀ yẹ́lò kan tí kò lẹ́sẹ̀, tó ń gbé inú ilẹ̀ São Tomé bí ekòló ńlá, bẹ́ẹ̀ ìbátan ọ̀pọ̀lọ́ ni. Kẹ́ńyà àti Tanzania ni ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́ wà, kì í ṣe Gabon tó wà nítòsí. Omi iyọ̀ ń pa irú wọn. Èrò àwọn onímọ̀ ni pé igi àti koríko tí odò ńlá wọ́ jáde ló gbé wọn wá.

Òkúta pàápàá máa ń tanni. Èyí tó ti jẹrà ń sọ argon nù, ìyẹn gáàsì inú òkúta tí a fi ń ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ á sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Fọ́ èèpo rẹ̀ dànù, inú tó dúdú tó sì le ni kí o mú. Òkúta yíyọ́ tó ṣàn jáde ní ohun tí kò tíì pé mílíọ̀nù kan ọdún bo ibi púpọ̀ ní São Tomé, nítorí náà wá òkúta àtijọ́ ní etíkun àti ní àwọn erékùṣù kéékèèké ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Má gbàgbé gíga. Òkè São Tomé ga tó 2,024 mítà. Ọ̀pọ̀lọ́ Hyperolius thomensis ń yé sínú ihò igi nínú igbó òkè; ìbátan rẹ̀, Hyperolius molleri, wà nísàlẹ̀, títí dé oko. Wọ́n máa ń gun ara wọn níbi tí wọ́n ti pàdé. Mú àpẹẹrẹ láàárín pẹ̀lú. Bí o bá mú ti òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan, ọmọ àdàlù wọn kò ní hàn sí ọ rárá.