Tẹ́nì kan bá ń ta ko ìgbàgbọ́ yín
Ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ n sọ eléyìí torí ó wà lọ́kàn mi. Tẹ́nì kan bá ní irọ́ lẹ̀sìn yín, ẹ má tíì fèsì, ẹ kọ́kọ́ bi í pé “kí ló jẹ́ kó o sọ bẹ́ẹ̀?” kẹ́ ẹ wá gbọ́ ọ dópin. Ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ bi mí nígbà kan pé tí Ọlọ́run bá wà, kí ló dé téèyàn rere fi ń jìyà, bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í to ẹsẹ Bíbélì fún un nìyẹn, mi ò tiẹ̀ wo ojú ẹ̀, àfìgbà tó ní màmá òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni, omi ti lé ròrò lójú ẹ̀. Ó dùn mí gan-an. Ẹni tó máa bá a kẹ́dùn ló ń wá.

Tó bá jẹ́ ìbéèrè gidi tẹ́ ẹ ò sì mọ ìdáhùn, ẹ ní “mi ò mọ̀, jẹ́ n lọ wádìí ẹ̀”, kẹ́ ẹ sì padà wá lóòótọ́ o, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ wa ti ń kùnà. Pétérù Kìíní 3:15 ní ká fi ìwà tútù dáhùn, Kùránì náà nínú Súrà An-Nahl ẹsẹ 125 ní ká bá wọn jiyàn lọ́nà tó dáa jù.

Èébú lásán ńkọ́? Ẹ kí i pé ó dàbọ̀, kẹ́ ẹ máa lọ. Tó bá jẹ́ orí fóònù ni, ẹ gbé e sílẹ̀ kínú yín rọ̀ ná kẹ́ ẹ tó tẹ ohunkóhun.