Ìdẹra tó ń di ìrora: ohun tí aboyún kò gbọ́dọ̀ ṣe

Ní Kétu níbí, aboyún tó ti dẹ̀rẹ̀ ka agbada gàrì láti òwúrọ̀, tí zemidjan, ọ̀kadà wa, sì tún gbé gba ọ̀nà gbágungbàgun délé, kò níí ṣàì ráhùn ẹ̀yìn ríro lálẹ́. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Oyún ń mú kí àwọn okùn iṣan tó so eegun ìbàdí pọ̀ rọ̀, ikùn ń fa ara síwájú, ẹ̀yìn ló sì ń ru gbogbo rẹ̀. Mímí jẹ́jẹ́ àti dídẹ ẹ̀yà ara níkọ̀ọ̀kan ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ láti sùn, bí wọn kò bá ṣe é lódì.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni fífi ẹ̀yìn lélẹ̀. Ohùn tó ń kọ́ni ní ìdẹra nínú fóònù á ní kí ẹ nà gbalaja, kí ẹ máa wo àjà. Ẹni tí kò lóyún ló ń bá sọ̀rọ̀! Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 20, bí ẹ bá sùn báyẹn, ilé ọmọ lè tẹ òpó ńlá tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn. Òòyì á kọ́ yín, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ sì lè dín kù. Tó bá ti di ọ̀sẹ̀ 28, ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ máa fi sùn, ìbáà ṣe ọ̀sán. Ẹ ká ìró tó ti gbó, ẹ fi sáàárín orúnkún méjèèjì, ẹ fi òmíràn gbé ikùn ró. Bí ẹ bá jí tí ẹ rí i pé ẹ ti yí sẹ́yìn, ẹ má jáyà, ẹ kàn padà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Bí wọ́n bá fẹ́ dẹ ara, àwọn mìíràn ń kọ́kọ́ ki ara le bí ẹni tó fẹ́ ru omi, wọ́n á sì sé èémí. Ẹ má sé e. Ẹ fún èjìká tàbí ọwọ́ pọ̀ díẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 5, lẹ́yìn náà kí ẹ tú u sílẹ̀. Ẹ má fún ikùn rárá. Tó bá kan ẹsẹ̀, ẹ má na ìka síwájú, pajápajá ló ń fà. Ẹ fà á sọ́dọ̀ ara yín.

Ìkúnlẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa: ẹ kúnlẹ̀, ẹ fọwọ́ méjèèjì tilẹ̀, ẹ gbé ẹ̀yìn sókè bí ológbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ẹ má jẹ́ kó rì sísàlẹ̀.

Ẹ má jẹ obì nírọ̀lẹ́ kí ẹ tún máa wá oorun. Obì yìí náà kọ́ làwọn awakọ̀ ń jẹ kí oorun má baà kùn wọ́n? Ẹ má sì ra ògùn ìrora lọ́jà: ibuprofen àti diclofenac lè ṣe kíndìnrín ọmọ inú ní jàǹbá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20.

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yìn bá ń ro tó ń dá, tó ń ro tó ń dá, tí oyún kò sì tíì pé ọ̀sẹ̀ 37, tàbí tí ẹ rí ẹ̀jẹ̀, omi tó ń dà, ibà, tàbí ìtọ̀ tó ń ta yín, ẹ má jókòó ti ìdẹra kankan. Ẹ jí ará ilé kí wọ́n wá ọkọ̀. Ilé ìgbẹ̀bí ló kàn, bó tilẹ̀ jẹ́ aago 2 òru.