Graphics card ni mo rà, power supply ló já mi kulẹ̀

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti kú o!"

Àbúrò mi ló pariwo láti yàrá kejì. Mo sáré wọlé, mo bá a tó di páàdì mú, tó ń wo síkírínì tó ti dúdú bí aró. Kọ̀ǹpútà náà kò kọ́kọ́ lẹ̀, kò fi àwọ̀ búlúù kankan hàn. Ó kàn kú lójijì, bí ìgbà tí ẹnì kan fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri. Kò sì tíì pé wákàtí méjì tí mo fi graphics card míì, káàdì tó ń gbé àwòrán géèmù sójú síkírínì, sí i.

"Kí lo tẹ̀?"

"Mi ò tẹ nǹkan kan o. Ibi tí wọ́n ti ń jà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, ẹ wo ọwọ́ mi."

Káàdì tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ ni GTX 1060, èyí tó jáde lọ́dún 2016. Kò ṣẹ̀ mí rí. Wáàtì 120 péré ló ń jẹ, wáyà onípíìnì mẹ́fà kan ṣoṣo ló sì ń bọ́ ọ. Àmọ́ géèmù ayé ìsinsìnyí ti ju agbára rẹ̀ lọ, ni mo bá wá RTX 3070 kan tí ẹnì kan ti lò. Wáàtì 220 ni wọ́n kọ sí èyí, wáyà onípíìnì mẹ́jọ méjì ló ń fẹ́. Nvidia tó ṣe é ní kí ẹni tó máa lò ó ní power supply, ìyẹn àpótí tó ń pín iná fún gbogbo ara kọ̀ǹpútà, tó jẹ́ wáàtì 650. Wáàtì 550 ni temi, mo sì ti lò ó fún ọdún mẹ́jọ gbáko.

Mo jókòó ṣe ìṣirò. Ryzen 5 3600 mi, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà, kì í jẹ ju nǹkan bíi wáàtì 88 lọ. Mo fi 220 ti káàdì kún un, mo wá bu 50 fún fáànù, SSD tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan pamọ́ sí, àti àwọn yòókù. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 358. Mo ní, àní ó máa ṣẹ́kù, kí ni mo fẹ́ ra òmíràn sí? Mo tiẹ̀ ń fi àwọn tó ń ra wáàtì 850 rẹ́rìn-ín.

Yíyọ àti fífi kò gbà mí ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo fa wáyà iná yọ, mo tún tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ kí iná tó bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀ lè tán. Mo tú síkúrù méjì tó di káàdì mú lẹ́yìn. Ìkọ́ kékeré tó wà ní ìpẹ̀kun ihò PCIe, ihò tí káàdì ń wọ̀, ló máa ń da èèyàn láàmú: káàdì bò ó mọ́lẹ̀, ìka ò sì ráyè débẹ̀. Mo fi ìdí ṣíbí onígi tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dún "kó". Ẹni tó bá fa káàdì tagbáratagbára láìtẹ̀ ẹ́ lè fa ihò náà ya kúrò lára motherboard, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́. Tuntun wọlé wẹ́rẹ́. Nígbà tó di orí wáyà, ọ̀lẹ mú mi: wáyà kan wà tó ní orí méjì, mo sì fi í ti ihò méjèèjì.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ wáyà náà ni mo kọ́kọ́ fura sí nígbà tí ó kú. Ihò PCIe fúnra rẹ̀ lè fún káàdì ní wáàtì 75, wáyà onípíìnì mẹ́jọ kọ̀ọ̀kan sì lè fún un ní 150. Kò dáa kí wáyà kan ṣoṣo máa ru ẹrù èèyàn méjì. Mo fa wáyà kejì jáde láti inú power supply, kí kálukú ní tirẹ̀. A tún wọ ibi ìjà. Ó tún kú.

Mo yọ driver, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń bá káàdì sọ̀rọ̀, mo tún un fi. Ó kú. Mo ṣí HWiNFO sílẹ̀ láti máa wo ooru: káàdì ò kọjá 68°C, a jẹ́ pé ooru kọ́. Mo ti mítà bọ ojú wáyà ofeefee tó ń gbé fólítì 12. Nígbà tí kọ̀ǹpútà jókòó lásán, 12.1 ni, nígbà tí géèmù ń lọ, ó sọ̀ sí 11.7. Ohun tí ATX, òfin tí àwọn tó ń ṣe power supply ń tẹ̀ lé, gbà láàyè ni 11.4 sí 12.6, nítorí náà lójú mítà, ara power supply mi le koko.

Afterburner, ètò tí a fi ń yí agbára káàdì padà, ló tú àṣírí. Mo dín agbára tí káàdì lè jẹ kù sí ìdá 70 nínú 100, a sì ṣeré fún wákàtí mẹ́ta láìsí wàhálà. Mo dá a padà sí 100. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi kú.

Ibi tí ìṣirò mi ti wọ́ rèé. Wáàtì 220 yẹn, àròpín ni. Káàdì máa ń gbé iná mì lójijì, fún ìdá díẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan, ohun tó gbé mì lásìkò náà sì lè ju iye tí wọ́n kọ lọ dáadáa. Mítà ò yára tó láti rí i, àmọ́ ohun tó ń ṣọ́ power supply rí i, ó sì pa gbogbo rẹ̀ kí nǹkan má baà jó. Kapásítọ̀ inú power supply dà bí ìkòkò omi tí a fi ń dúró de ọjọ́ tí ẹ̀rọ kò bá yọ omi. Ooru àti ọdún máa ń gbẹ omi inú rẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ fi ń ṣe òdiwọ̀n ni pé bí ooru bá fi 10°C lọ sókè, ẹ̀mí kapásítọ̀ á dín kù sí ìdajì. Èmi sì rèé, orí kápẹ́ẹ̀tì ni mo gbé kọ̀ǹpútà sí fún ọdún mẹ́jọ, tí fáànù power supply dojú kọ ilẹ̀. Nígbà tí mo yí i padà, eruku ti di bí òwú lójú rẹ̀.

Ó wù mí kí n tú u wò. N kò tú u. Kapásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ lè mú ju fólítì 300 dání lẹ́yìn tí èèyàn ti fa wáyà yọ. Mo wo àkọlé ara rẹ̀ dípò bẹ́ẹ̀: lórí fólítì 12, áńpù 40 ló wà níbẹ̀, ìyẹn wáàtì 480. Wáàtì 550 tí mo fi ń yangàn kò tiẹ̀ pé ní ibi tí káàdì ti ń jẹun. Ọdún márùn-ún sì ni ẹni tó ṣe é fi dúró fún un. Mo ti fi ọdún mẹ́ta jẹ èlé.

Mo ra wáàtì 750 tó bá ATX 3.0 ti 2022 mu, nítorí pé òfin yẹn ro irú ìgbémì òjijì bẹ́ẹ̀ mọ́ ọn. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi dúró fún èyí, ohun tí mo sì kọ́kọ́ wò nìyẹn, kí n tó wo àmì 80 Plus. Bí iná ṣe ń ṣòfò tó ni àmì yẹn ń sọ, kì í sọ bó ṣe máa pẹ́ tó.

Wáyà SATA àtijọ́, èyí tó ń gbé iná lọ fún SSD, ti jókòó dáadáa lẹ́yìn àpótí kọ̀ǹpútà, mo ní kí n má tú u, kí n kàn ti orí rẹ̀ bọ inú power supply tuntun. Ó wọlé láìjanpata. Àbúrò mi ló ń ka ìwé inú páálí.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ má lo wáyà ti tẹ́lẹ̀ o. Wọ́n fi pupa kọ ọ́."

Mo fà á yọ wàrà. Orí wáyà tó ń wọ power supply kò ní òfin kan tó so gbogbo ilé-iṣẹ́ pọ̀. Fólítì 12 lè bá ara rẹ̀ níbi tí 5 yẹ kó wà, kí SSD sì jó láìtíì ṣí géèmù. Mo tú gbogbo wáyà àtijọ́ pátá, mo sì dè wọ́n mọ́ power supply àtijọ́ kí wọ́n jọ kúrò nílẹ̀.

A dá agbára káàdì padà sí 100, a wọ ibi ìjà. Kò kú. Mo gé téèpù, mo kọ oṣù àti ọdún tí mo rà á sí i, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ power supply tuntun náà, mo sì wá pákó gbé kọ̀ǹpútà lé kúrò lórí kápẹ́ẹ̀tì. Kí n tó dé síkúrù ìkẹyìn, àbúrò mi ti gba páàdì padà.