Bí mo ṣe fún áàpù iṣẹ́ mi ní fèrèsé tirẹ̀ lórí Linux

Áàpù tí mo fi ń to iṣẹ́ ojoojúmọ́ kò ní ẹ̀dà Linux. Wine, ètò tó ń jẹ́ kí áàpù Windows ṣiṣẹ́ lórí Linux, ni mo kọ́kọ́ dán wò. Ó ṣí lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú Chromium, aṣàwákiri íntánẹ́ẹ̀tì mi, ni ojú ìwé ìwọlé ti yọ, líǹkì tó yẹ kó dá mi padà sínú áàpù kò sì rí ibi tó máa lọ. Mo pa Wine tì, mo mú ẹ̀dà orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Mo ṣẹ̀dá fáìlì ise.desktop, tó ń sọ fún Linux bí yóò ṣe ṣí áàpù náà, sínú ~/.local/share/applications (~ dúró fún fódà ilé yín, bíi /home/oruko):

[Desktop Entry]
Type=Application
Name=Iṣẹ́ Mi
Exec=chromium --app=https://app.example.com --user-data-dir=/home/oruko/.local/share/ise --class=IseMi
Icon=ise
StartupWMClass=IseMi

Ẹ fi àdírẹ́sì áàpù yín rọ́pò app.example.com, kí ẹ sì fi orúkọ tí ẹ fi ń wọ kọ̀ǹpútà rọ́pò oruko. --app ló ń mú ibi àdírẹ́sì kúrò lórí fèrèsé. --user-data-dir, tó ń fún áàpù ní fódà dátà tirẹ̀, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wà: bí Chromium bá ti wà ní ṣíṣí, tí áàpù kò ní fódà tirẹ̀, èyí tó ti ń ṣiṣẹ́ ló máa gba àṣẹ náà, kò sì ní ka --class, orúkọ tí a fi ń dá fèrèsé náà mọ̀, rárá. Àmì áàpù yóò wá há sábẹ́ ti Chromium.

Ẹ kọ ọ̀nà fódà náà tán láti /home, torí Exec kì í túmọ̀ ~ tàbí $HOME. Bó bá jẹ́ snap (ọ̀nà kan tí a fi ń gba áàpù sórí Linux) lẹ fi gba Chromium, kò lè kọ nǹkan sínú fódà tí dọ́ọ̀tì ṣáájú orúkọ rẹ̀. Ẹ lo /home/oruko/snap/chromium/common/ise.

Àwòrán PNG 512x512 wọ ~/.local/share/icons/hicolor/512x512/apps/ise.png. Lẹ́yìn náà, mo fi desktop-file-validate yẹ fáìlì ise.desktop wò. Bí kò bá sọ nǹkan kan, kò rí àṣìṣe nìyẹn. Bí àmì bá ṣì há, lórí X11 (ọ̀kan nínú ètò tí Linux fi ń gbé fèrèsé jáde), ẹ tẹ xprop WM_CLASS sí tẹ́mínà, kí ẹ tẹ fèrèsé náà. Ọ̀rọ̀ kejì tó jáde ni StartupWMClass gbọ́dọ̀ bá mu, títí kan lẹ́tà ńlá àti kékeré.

Nínú ètò kíbọọ̀dù GNOME, ojú iṣẹ́ Linux tí mo ń lò, mo so Ctrl+Alt+A mọ́ gtk-launch ise, àṣẹ tó ń ṣí fáìlì ise.desktop. Ó ń ṣí fèrèsé kíákíá, ṣùgbọ́n kò lè ṣí àpótí kékeré tí ẹ̀dà Windows fi ń gba iṣẹ́ tuntun láìṣí gbogbo áàpù. Ìyẹn ni mo ṣì ń fẹ́ ẹ̀dà Linux gidi fún.