Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń kọ̀wé nípa kéèkì àti búrẹ́dì àṣenílé

Ẹni tí ó mọ kéèkì ṣe dunjú kò ṣòro rí láàárín wa. Ẹni tí ó lè kọ bí a ṣe ń ṣe é sílẹ̀, tí ẹni tí kò rí i rí yóò tẹ̀ lé e, tí kéèkì náà yóò sì wú, ni ó ṣọ̀wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ìfẹ́ yíyan nǹkan nínú ilé gbé dé ìdí iṣẹ́ ìwé kíkọ ló ń rò pé ọgbọ́n kan náà ni méjèèjì. Wọ́n gbàgbé pé òǹkàwé kò ní rí ọwọ́ tí ń da fúláwà, kò sì ní gbọ́ ohùn tí ń sọ pé ó ti tó, má fi kún un mọ́. Ohun tí a kọ nìkan ni ó ní, pẹ̀lú ẹyin àti ṣúgà tí ó fi owó gidi rà.

Àṣìṣe tí ó burú jù lọ lójú tèmi ni kí a gbé ìlànà láti inú ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà tàbí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí a tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ tò, kí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde láìyan án wò ní ilé ìdáná tiwa. Ẹ wo gbólóhùn kékeré kan tí ó kún inú irú ìwé bẹ́ẹ̀: ẹ jẹ́ kí bọ́tà dúró nínú yàrá títí yóò fi rọ̀. Yàrá tí ẹni tí ó kọ ọ́ ní lọ́kàn jẹ́ yàrá London, níbi tí ooru kò ju nǹkan bí dígírì Celsius 20 lọ, ìwọ̀n yẹn gan-an ni bọ́tà sì ń fẹ́ kí ó tó lè gba afẹ́fẹ́ sára nígbà tí a bá ń pò ó mọ́ ṣúgà. Ní Èkó, lẹ́yìn ọ̀sán, ooru inú ilé ìdáná sábà máa ń kọjá 30, bẹ́ẹ̀ bọ́tà kì í kọjá nǹkan bí 35 kó tó yọ́ pátápátá. Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé ìlànà náà yóò padà wá bá bọ́tà tí etí rẹ̀ ti ń dán, tí òróró ti ń ṣàn yí i ká nínú abọ́. Bí ó bá pò ó títí ilẹ̀ fi ṣú, kò ní funfun, kò ní fúyẹ́. Kéèkì tí ó bá ti ibẹ̀ jáde yóò kì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò sì lọ́ràá. Ohun tí ó yẹ kí a kọ fún ará Èkó ni pé kí ó yọ bọ́tà kúrò nínú fíríìjì, kí ó gé e wẹ́wẹ́, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó ní kété tí ìka bá ti lè tẹ̀ ẹ́ wọlé láìjẹ́ pé òróró yọ. Bí ó bá tún fẹ́ yọ́, kí ó gbé abọ́ náà lé orí omi tútù.

Ọ̀rọ̀ bọ́tà kò tíì tán. Lọ́dọ̀ wa, bọ́tà ni a ń pe èyí tí ó ti ara wàrà màlúù wá, bọ́tà náà ni a ń pe màgarín tí a fi òróró ewéko ṣe. Ọ̀rá tí ó wà nínú bọ́tà màlúù kì í sábà dín ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n àwọn màgarín kan wà tí a ṣe fún fífi pa búrẹ́dì, tí ọ̀rá inú wọn kéré sí bẹ́ẹ̀ dáadáa, tí omi sì gba ipò rẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ “bọ́tà gíráàmù 250”, tí kò sọ irú èyí tí òun lò, ti fi òǹkàwé sílẹ̀ ní oríta. Mo máa ń ṣàkíyèsí pé ojú ń ti àwọn òǹkọ̀wé kan láti kọ màgarín, bí ẹni pé ó rẹ oúnjẹ wọn sílẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé òun ni wọ́n lò fún kéèkì tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Èyí tí ó le nínú rẹ̀ fara da ooru ilẹ̀ wa ju bọ́tà lọ, owó tí òǹkàwé ní lọ́wọ́ sì sábà máa ń tó o.

Òmíràn ni ọ̀rọ̀ ife. Ife ìdíwọ̀n àwọn ará Amẹ́ríkà gba nǹkan bíi mìlílítà 240, ó sì nídìí tí ó fi fẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ́dọ̀ wọn: Fannie Farmer, tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ìdáná ní ìlú Boston, gbé ìwé kan jáde ní 1896 nínú èyí tí ó ti tẹnu mọ́ ọn pé kí a máa fi ọ̀bẹ gé orí ohun tí a bù sínú ife àti ṣíbí kí ó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ife onírin tí ó wà lórí pẹpẹ ìyá wa kò mọ Boston rárá. Ẹlòmíràn ń fi agolo mílíìkì wọn fúláwà, ẹlòmíràn ń lo ife tí wọ́n fi ń mu tíì. Kódà bí ife bá tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, ọwọ́ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tí ó bá ki ife bọ inú àpò fúláwà, tí ó sì bù ú jáde, lè rí gíráàmù 150 nínú rẹ̀; ẹni tí ó bá fi ṣíbí rọra da fúláwà kan náà sínú ife kan náà, tí ó sì gé orí rẹ̀, kò ní rí ju nǹkan bí 120 lọ. Nínú ìlànà tí ó gba ife mẹ́ta, ìyàtọ̀ gíráàmù 90 ti wọlé nìyẹn, kéèkì náà yóò sán lórí, yóò sì gbẹ dé àárín. Kí a kọ gíráàmù ni ó dára jù, kí a sì tún sọ iye agolo tàbí ife fún ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n, pẹ̀lú ọ̀nà tí a gbà bù ú.

Bákan náà ni ẹyin. Ẹyin ńlá tí ìwé Amẹ́ríkà ń sọ máa ń tó gíráàmù 50 lẹ́yìn tí a bá bó èèpo rẹ̀, ṣùgbọ́n kíréètì tí a rà lọ́jà lè jẹ́ ti adìẹ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yé, tí mẹ́rin rẹ̀ kò tó mẹ́ta. Kí a má sì pe baking soda ní baking powder, nítorí pé agbára soda fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ju ti èkejì lọ, kì í sì í ṣiṣẹ́ dáadáa bí kò bá sí nǹkan kíkan nínú àpòpọ̀ náà.

Ní ti iná, àwọn òǹkọ̀wé kan ń kọ “dígírì 350” láìsọ pé Fahrenheit ni, tí ó jẹ́ nǹkan bí 177 ní Celsius. Òǹkàwé tí kò mọ̀ yóò yí bọ́tìnì ààrò rẹ̀ dé òpin, ohun tí yóò bá nínú rẹ̀ sì lè jẹ́ èédú. Ṣùgbọ́n èyí tí ó dùn mí jù ni pé a ń kọ̀wé bí ẹni pé gbogbo ilé ló ní ààrò tí ń fi nọ́ńbà hàn, nígbà tí ọ̀pọ̀ ààrò onígáàsì tí a ń tà níbí kò ní ju iná ńlá àti iná kékeré lọ, tí àìmọye ènìyàn sì ń da iyanrìn sínú ìkòkò ńlá, tí wọ́n ń bò ó, tí wọ́n sì ń yan kéèkì wọn nínú rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí náà ń ka ìwé. Kí a sọ fún wọn pé kí iyanrìn gbóná dáadáa kí wọ́n tó gbé agolo kéèkì sí i, kí a sì ṣàpèjúwe àmì tí ojú lè rí: ẹ̀gbẹ́ kéèkì yóò ti máa kúrò lára agolo, orí rẹ̀ yóò ta padà bí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ẹyọ ọwọ̀ kan tí ó mọ́, tí a bá fi gún àárín rẹ̀, yóò sì jáde ní gbígbẹ.

Irú àmì bẹ́ẹ̀ ni búrẹ́dì ń fẹ́ ju aago lọ. Àpòpọ̀ oníyíìsì tí ìwé ní kí ó wú fún wákàtí méjì lè ti wú tán nínú wákàtí kan ní Ìbàdàn, kí ó sì ti máa rùn bí ọtí. Ọmọ Yorùbá tí ó bá mú ìlànà Ìbàdàn lọ sí Peckham ní London ní ìgbà òtútù yóò sì dúró títí yóò fi sú u. Kí a kọ pé kí ó wú di ìlọ́po méjì, kí ojú ibi tí ìka tẹ̀ sì máa padà díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí a ti mẹ́nu ba búrẹ́dì, ó yẹ kí àwọn òǹkọ̀wé dẹ́kun ṣíṣe ìlérí búrẹ́dì Agége fún ẹni tí ó ní ṣíbí onígi àti abọ́ nìkan. Ẹ̀rọ oníròólà tí ń tẹ àpòpọ̀ náà lẹ́raléra ni ó ń fún un ní ara dídì, tí ń fà nígbà tí a bá ya á. Ẹni tí ó bá fẹ́ súnmọ́ ọn nílé ní láti fi igi tẹ àpòpọ̀ náà, kí ó ká a, kí ó sì tún tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dán. Kí a sì ṣọ́ra fún páúdà amúbúrẹ́dì-wú tí kò ní àkọsílẹ̀ lára, nítorí pé NAFDAC, àjọ tí ń ṣàmójútó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, ti fòfin de potassium bromate, kẹ́míkà kan tí ń mú búrẹ́dì wú, nínú búrẹ́dì. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ fi ìtàn dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó má gbàgbé Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tí ó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Nàìjíríà, tí ó sì sọ búrẹ́dì di òwò ńlá ní Èkó.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ní àṣìṣe tirẹ̀. Bí iléeṣẹ́ bá fi àpò fúláwà ránṣẹ́ sí òǹkọ̀wé, tí ó sì yìn ín láìsọ pé ẹ̀bùn ni, ó ti ta ìgbàgbọ́ òǹkàwé rẹ̀. Bí ó bá kọ́ ìlànà lọ́wọ́ ìyá kan ládùúgbò, kí ó sọ ibi tí ó ti rí i, kí ó sì tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá náà ṣáájú. Fọ́tò kò le tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé tó. Èyí tí kò ṣeé fò ni dídán ìlànà wò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí a sì gbé e fún ẹni tí kò mọ̀ nípa kéèkì láti yan án ní ilé tirẹ̀, kí a dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan láìla ẹnu, kí a sì kọ gbogbo ibi tí ó ti dúró ronú. Èyí ń ná ènìyàn lówó, ọ̀pọ̀ ló sì ń fò ó nítorí pé owó ìwé ìròyìn kò tó nǹkan. Kí owó ẹyin, ṣúgà àti gáàsì tí a fi dán an wò wà nínú iye tí a bá bèèrè lọ́wọ́ olóòtú, kí a sì ti sọ ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.