Bí ìka wa ò ṣe níí já sẹ́nu ayùn ní sọ́míìlì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń la pákó l'Abẹ́òkúta, ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ìgbà tí gẹdú ńlá wà lórí ẹ̀rọ kọ́ ni ìka sábà máa ń já o, gbogbo ojú ló máa ń wà níbẹ̀ nígbà yẹn. Ìgbà tí pákó bá ku díẹ̀ kó tán ni, tàbí téèyàn bá ní kóun kàn fọwọ́ gbá ìyẹ̀fun igi kúrò, tàbí tí NEPA bá mú iná lọ.

Ti NEPA yẹn ṣẹlẹ̀ lójú mi. Iná lọ, kò sẹ́ni tó pa súwíìsì, ọmọ iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ ó ń fọwọ́ yọ igi tó há sẹ́nu ayùn, àfi gbàù tí iná dé, ìka méjì lọ. Torí náà tí iná bá ti lọ, ẹ sáré pa súwíìsì ńlá, kí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀rọ dẹ̀ yọ fíúùsì sápò ara ẹ̀, kó má fi há ẹnì kankan lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá dẹ̀ pa ẹ̀rọ fúnra yín, ayùn ṣì máa yí fún ìgbà díẹ̀, ẹ dúró títí tẹ́ ẹ fi lè ka eyín ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìparí pákó ńkọ́? Ẹ gé igi pẹlẹbẹ kan tó gùn tó láti ìgbọ̀nwọ́ dé orí ìka, ẹ gé igun ìdí ẹ̀ kó lẹ́nu tó máa gbá pákó mú, òun ni kẹ́ ẹ máa fi tì í. Ẹ má dúró lọ́ọ̀kán ayùn, torí tí igi bá fún ayùn mọ́ra, igi yẹn lè ta padà lù yín. Ìdérí ayùn tẹ́ ẹ tú sọ sí kọ̀rọ̀, ẹ dá a padà jàre, òfin Factories Act ló ní kí wọ́n bo ibi tó léwu lára ẹ̀rọ.

Ìbọ̀wọ́, ìgbà tẹ́ ẹ bá ń ru pákó ni kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́. Nídìí ayùn, ẹ bọ́ ọ, ẹ bọ́ òrùka náà, torí eyín ayùn á gbá òwú ìbọ̀wọ́ yẹn mú á fa gbogbo ọwọ́ wọlé. Àwọn kan á ní Ògún ló ń bèèrè ẹ̀jẹ̀. Mi ò bá Ògún jà o, àmọ́ paraga tẹ́ ẹ mu lẹ́nu géètì láàárọ̀, Ògún kọ́ ló rà á fún yín.

Tó bá wá ṣẹlẹ̀, ẹ fi aṣọ tó mọ́ tẹ ojú egbò gírígírí, ẹ gbé ọwọ́ yẹn sókè ju àyà lọ, ẹ má máa ṣí i wò. Kẹrosíìnì, ọ́ìlì, ìyẹ̀fun igi, ìkankan ò gbọdọ̀ kan egbò. Ìka tó já, ẹ wá a rí, ẹ fi píọ́wọ́tà ṣàn án, ẹ fi aṣọ mímọ́ tó tutù díẹ̀ wé e, ẹ fi sí nílọ́nù kẹ́ ẹ di ẹnu ẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá gbé nílọ́nù ọ̀hún sínú òmíì tó ní omi àti yìnyín. Ìka ò gbọdọ̀ fara kan yìnyín, á ba ẹran ẹ̀ jẹ́. Ẹ má yà sí kẹ́míìsì, Federal Medical Centre ní Ìdí-Àbà ni tàbí State Hospital ní Ìjàyè, kẹ́ ẹ dẹ̀ bèèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Ti owó: Employee's Compensation Act ti ọdún 2010 fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 14 láti sọ fún ọ̀gá ẹ̀, ọ̀gá náà ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń sanwó fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì, ẹ má fẹnu sọ ọ́ lásán, kí ẹnì kan tó wà níbẹ̀ dẹ̀ ya fọ́tò ẹ̀rọ yẹn kí wọ́n tó fọ ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀.